Xiaomi TV Stick 4K: ohun tí bàbá mi fi ń wo bọ́ọ̀lù ní Kabba

Bàbá mi ti pé ọmọ ọdún 78, orúnkún ọ̀tún sì ń dà wọ́n láàmú, ṣùgbọ́n kò sí eré Nàìjíríà tí wọ́n ń fẹ́ kó kọjá wọn. Nítorí tiwọn ni mo fi ra ẹ̀rọ méjì tó ń gbé eré láti orí íntánẹ́ẹ̀tì wá sórí tẹlifíṣọ̀n, èyí kejì ni mo wá yìn.

₦22,000 ni mo ra àkọ́kọ́, àpótí kékeré kan. Kò lórúkọ kan gúnmọ́, àfi "4K" tí wọ́n kọ gàdàgbà sára páálí. Ẹni tó tà á ní gbogbo ìkànnì bọ́ọ̀lù wà nínú rẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́, kí n ṣáà ti pa Play Protect, ẹ̀ṣọ́ Google tó ń yẹ áàpù wò. Mo pa á. Ó di alẹ́ ọjọ́ 11 oṣù kejì ọdún 2024, àṣekágbá ife ẹ̀yẹ Áfíríkà, àwa àti Ivory Coast ní Abidjan. Troost-Ekong fi orí kan bọ́ọ̀lù wọlé ní ìṣẹ́jú 38, Bàbá dìde lórí orúnkún yẹn. Àwọn agbábọ́ọ̀lù ti ìsinmi dé, àwòrán bá dúró gbagidi. Mo yọ wáyà, mo tún un kì bọ̀ ọ́, òbírí kan ṣáà ń yí lójú tẹlifíṣọ̀n. Bàbá mú ọ̀pá, wọ́n gba inú òkùnkùn lọ sí ilé ìwòran bọ́ọ̀lù. Kí wọ́n tó débẹ̀, Kessié ti Ivory Coast ti dá a padà. Nígbà tí wọ́n wọlé, 2–1 ló parí sí, wọn ò sọ̀rọ̀ kankan, wọ́n kàn jókòó, wọ́n ń fọwọ́ pa orúnkún. Ìyẹn dùn mí ju ife tó bọ́ lọ́wọ́ wa lọ.

Ní oṣù kẹfà 2025, FBI, àwọn ọlọ́pàá ìwádìí ilẹ̀ Amẹ́ríkà, kìlọ̀ nípa irú àpótí bẹ́ẹ̀, pé kòkòrò kọ̀ǹpútà ti wà nínú òmíràn kó tó dé ọwọ́ ẹni tó rà á, tí àwọn ọ̀daràn á sì máa gba orí íntánẹ́ẹ̀tì onílé ṣiṣẹ́ ibi. Lára àmì tí wọ́n kà ni orúkọ tí ẹnikẹ́ni ò mọ̀, ìlérí ìkànnì ọ̀fẹ́, àti pé wọ́n ní kéèyàn pa Play Protect. Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá tèmi mu. Ọjọ́ náà ni mo yọ ọ́ kúrò nílé.

Lọ́kọ́ja ni mo ti ra Xiaomi TV Stick 4K, ₦65,000. Nǹkan kékeré ni, inú ihò HDMI lẹ́yìn tẹlifíṣọ̀n ló ń gbé. Android TV ojúlówó, ti Google, ló ń lò, RAM rẹ̀ (ìrántí tó fi ń ṣiṣẹ́) jẹ́ 2GB. Ibi ìpamọ́ rẹ̀ ò ju 8GB lọ, nítorí náà áàpù bọ́ọ̀lù àti YouTube nìkan ni mo fi síbẹ̀. Kò ní ihò wáyà íntánẹ́ẹ̀tì. Áàpù tí a bá sanwó fún la fi ń wo eré, ó sì tẹ́ mi lọ́rùn bẹ́ẹ̀.

Iná tó ń jẹ ló jẹ́ kí n fẹ́ràn rẹ̀. Fólítì 5 péré ni, bíi ti fóònù. Ẹ má so ó mọ́ ihò USB ara tẹlifíṣọ̀n o, torí ọ̀pọ̀ irú ihò bẹ́ẹ̀ ò lágbára tó. Power bank ni mo so tiwa mọ́. Bí wọ́n bá mú iná, tẹlifíṣọ̀n á kú, inverter á gbé e, á tún tàn. Ẹ̀rọ kékeré yẹn ò mọ̀ pé nǹkan ṣẹlẹ̀, eré ṣì ń lọ. Ká ní ó kú pẹ̀lú rẹ̀ ni, à bá ṣẹ̀ṣẹ̀ máa dúró kó jí, kí áàpù ṣí, kí eré tó padà.

Dátà ńkọ́? Bí àwòrán HD bá ń gba 5Mbps (mẹ́gábíìtì márùn-ún ní ìṣẹ́jú àáyá kan), wákàtí kan á jẹ 2.25GB, eré kan pẹ̀lú ìsinmi á tó 4.5GB. Tẹlifíṣọ̀n Bàbá ò ju ínǹṣì 32 lọ, HD tó o. Ògiri amọ̀ ilé wọn nípọn, Wi-Fi 5GHz kì í là á kọjá dáadáa, 2.4GHz ni mo ń lò, fóònù mi tó ń pín íntánẹ́ẹ̀tì fún un a sì wà lójú fèrèsé.

Àbùkù kan wà tí gbogbo íntánẹ́ẹ̀tì ní: àwọn tó ní díìṣì máa ń ṣáájú wa rí góòlù. Ní ọjọ́ 26 oṣù keje 2025, àwọn obìnrin wa ń bá Mòrókò ṣe àṣekágbá ní Rabat. Wọ́n ti jẹ wá ní 2–0, Okoronkwo gba pẹnáritì wọlé, Ijamilusi sọ ọ́ di 2–2. Ó ku díẹ̀ kó parí, ariwo bá sọ ní ojúlé kejì. Mo fẹ́ pariwo, Bàbá di ọwọ́ mi mú.

"Dákẹ́ ná, jẹ́ kó dé ọ̀dọ̀ wa."

Ó sì dé, ìṣẹ́jú 88, Jennifer Echegini. Àwòrán ò dúró, ọ̀pá wọn wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Kò pẹ́ tí ọmọ aládùúgbò fi sáré wọlé, ó kí wọn bí a ṣe ń kí ara wa ní Kabba.

"Okun o, Bàbá! Ṣé ẹ rí i?"

"Mo rí i. Orí àga mi níbí ni mo ti rí i."