Ẹja Wúrà àti Ẹṣin Olórí Dírágónì Nínú Àlọ́ Thailand

Ẹja wúrà tí wọ́n ń pè ní Pla Bu Thong nínú àlọ́ Thailand ni ìyá ọmọbìnrin kan tó ń jẹ́ Ueai; ìyá náà kú, ó sì padà wáyé nínú odò nítorí ọmọ rẹ̀. Nígbà tí orogún ìyá náà pa ẹja yìí jẹ, Ueai ri ìpẹ́ rẹ̀ mọ́lẹ̀, ikàn hù níbẹ̀, wọ́n tún bà á jẹ́, ó sì di igi bodhi, igi mímọ́ àwọn ẹlẹ́sìn Búdà, tí ẹnikẹ́ni kò lè hú àfi Ueai nìkan.

Ẹṣin olórí dírágónì tí ọmọkùnrin kan tó ń jẹ́ Sudsakorn ń gùn, nínú ewì Sunthorn Phu, akéwì ilẹ̀ Thailand, yàtọ̀ pátápátá: agbára ló ní, ó ń jẹ koríko àti ènìyàn, ó sì ń gbé ọmọ náà la òkun kọjá. Ẹja ni mo fẹ́ràn jù, nítorí pé kò ní ohun ìjà kankan, síbẹ̀ igi rẹ̀ ló mú kí ọba fẹ́ Ueai.