Tíkẹ́ẹ̀tì rélùweè ní Íńdíà: lẹ́tà ni kí ẹ kọ́kọ́ wò, kì í ṣe nọ́ńbà

Ẹni tó bá fẹ́ wọ ọkọ̀ ojú irin ọ̀nà jíjìn ní Íńdíà kò ní pẹ́ rí i pé owó lè wà lọ́wọ́ kí ibùsùn má sí. Ọjọ́ 60 ṣáájú ìrìn àjò ni wọ́n ń bẹ̀rẹ̀ sí í ta tíkẹ́ẹ̀tì (ọjọ́ 120 ni tẹ́lẹ̀, kí wọ́n tó dín in kù ní oṣù Kọkànlá 2024), bí àsìkò ọdún bá sì sún mọ́, ọkọ̀ tó ń ti Delhi lọ sí Mumbai kì í pẹ́ kún. Síbẹ̀ wọn kì í tètè lé oníbàárà padà: wọ́n á gba owó rẹ̀, wọ́n á kọ orúkọ rẹ̀ sórí ìlà àwọn tó ń dúró, yóò sì máa retí kí ẹlòmíràn fagi lé tirẹ̀. Ìlà yìí ni mo máa ń bára mi lórí rẹ̀ níbẹ̀, ohun tí mo rí nìyí.

Bí ẹ bá rí "GNWL 45/WL 12" lórí tíkẹ́ẹ̀tì, 45 ni ipò tí ẹ wà lọ́jọ́ tí ẹ sanwó, 12 ni ipò tí ẹ wà báyìí (WL ni ìlà ìdúró). Nọ́ńbà PNR, ìyẹn nọ́ńbà ìdánimọ̀ tíkẹ́ẹ̀tì yín tó jẹ́ oníka mẹ́wàá, ni ẹ ó máa fi yẹ̀ ẹ́ wò. Ṣùgbọ́n lẹ́tà tó ṣáájú ló ń sọ ibi tí ọ̀rọ̀ ń lọ. GNWL ni ti àwọn tó wọkọ̀ níbi tó ti gbéra tàbí nítòsí ibẹ̀, òun ni ìpín ibùsùn rẹ̀ pọ̀ jù, nítorí náà ìlà rẹ̀ máa ń yá. RLWL ni ti ìdíkọ̀ àárín ọ̀nà, tí ìpín tirẹ̀ kò tó nǹkan. PQWL ni ti àwọn ìdíkọ̀ kéékèèké tó jọ ń pín ìpín kan ṣoṣo. TQWL ni ti Tatkal, tíkẹ́ẹ̀tì ọjọ́ kan ṣáájú ìrìn àjò, tí wọ́n ń ṣí ní aago 10 àárọ̀ fún kọ́ọ̀ṣì amúlétutù àti aago 11 fún ìyókù. Ní tèmi, GNWL 40 sàn ju TQWL 8 lọ. Áàpù aládàáni kan ti fi dá mi lójú rí pé RLWL mi kò ní já mi kulẹ̀. Nọ́ńbà lásán ló ń wò, mi ò sì rí ọkọ̀ náà wọ̀.

Ibi tó wù mí jù nínú ètò náà ni RAC, tó wà láàárín ìdúró àti ìdánilójú. Ẹ ó wọkọ̀, àmọ́ èèyàn méjì ni yóò jókòó sórí ibùsùn ìsàlẹ̀ kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà. Baba àgbà kan ni wọ́n pín mi mọ́ nígbà kan. A ká ẹsẹ̀ kò, a kọjú síra wa, àpò oúnjẹ rẹ̀ wà láàárín wa, títí olùyẹ̀wò tíkẹ́ẹ̀tì fi dé pẹ̀lú ẹ̀rọ pẹlẹbẹ ọwọ́ rẹ̀, tó ní ẹni tó ni ibùsùn òkè kan kò wá. Mo gun òkè lọ, baba na ẹsẹ̀.

Àkọsílẹ̀ àwọn èrò ọkọ̀, tó ń fi ẹni tó rí ibùsùn hàn, ló ń parí gbogbo rẹ̀. Wákàtí 4 kí ọkọ̀ tó gbéra ni wọ́n ń gbé e jáde tẹ́lẹ̀. Ní oṣù Keje 2025 wọ́n sọ ọ́ di wákàtí 8, ní oṣù Kejìlá 2025 wọ́n tún sọ ọ́ di wákàtí 10, ọkọ̀ tó bá sì máa gbéra ṣáájú aago 2 ọ̀sán, alẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú ni tirẹ̀. Àtúnṣe yìí dára púpọ̀ fún ẹni tí ilé rẹ̀ jìnnà sí ìdíkọ̀. Tíkẹ́ẹ̀tì orí íntánẹ́ẹ̀tì tó bá ṣì wà ní WL lẹ́yìn náà yóò fagi lé ara rẹ̀, owó yóò sì padà. Láti oṣù Karùn-ún 2025, ẹni tó ra WL ní káńtà pàápàá kò gbọdọ̀ wọ kọ́ọ̀ṣì oníbùsùn.

Bó bá jẹ́ àárín ọ̀nà lẹ ti máa wọkọ̀, ẹ wò ó bóyá ẹ lè ra tíkẹ́ẹ̀tì láti ibi tí ọkọ̀ ti gbéra, kí ẹ lè bọ́ sórí ìlà GNWL. Owó rẹ̀ á ga díẹ̀. Ẹ rántí yan ìdíkọ̀ tiyín gẹ́gẹ́ bí ibi tí ẹ ó ti wọlé nígbà tí ẹ bá ń rà á, torí bí olùyẹ̀wò kò bá bá yín níjòókòó, ó lè gbé ibùsùn yín fún ẹlòmíràn.