MATLAB àbí GNU Radio fún project spread spectrum?

Ẹ̀yin tẹ́ẹ ń ṣe project spread spectrum (ká fi code tẹ́ signal fẹ̀ ju bó ṣe wà lọ) l'Óṣogbo níbí, MATLAB, sọ́fítíwia ìṣirò, lọ̀pọ̀ yín máa kọ́kọ́ sáré sí, ó sì dáa lóòótọ́, torí tẹ́ẹ bá fẹ́ ṣe code GPS, chip 1023 (àwọn ẹyọ 0 àti 1 inú code) tó ń tún ara ẹ̀ ṣe ní gbogbo millisecond, ìlà mélòó kan lẹ máa kọ, ẹ̀ẹ́ da ariwo lé e títí signal ò fi ní hàn mọ́, ẹ̀ẹ́ tún fi code yẹn náà fà á jáde, gain ẹ̀, ìyẹn bí signal ṣe máa lágbára sí i ju ariwo lọ, á tó bíi 30 dB (nǹkan bí ìlọ́po ẹgbẹ̀rún). Owó láísẹ́ńsì ni wàhálà ẹ̀.

GNU Radio, sọ́fítíwia iṣẹ́ rédíò, ní tiẹ̀, ọ̀fẹ́ ni. Tẹ́ẹ bá rí RTL-SDR (ẹ̀rọ kékeré tó ń gba signal rédíò sínú kọ̀ǹpútà) rà, ẹ lè gba signal gidi látojú fèrèsé yín l'Ókè-Fìà, àmọ́ gbígbà nìkan ló mọ̀ o, kì í fi ránṣẹ́.

Tó bá jẹ́ gírááfù BER (iye bit tó ṣì nínú iye tó kọjá) ni súpáfáísọ̀ ń bèèrè, MATLAB ni tèmi, tàbí Octave tó jọ ọ́, tó sì jẹ́ ọ̀fẹ́. Ẹ ṣáà chárjì láptọ́ọ̀pù yín kó kún kẹ́ẹ tó bẹ̀rẹ̀, torí kẹ́ẹ tó rí BER 10⁻⁶ (bit kan tó ṣì nínú mílíọ̀nù kan) dáadáa, ó kéré tán bit mílíọ̀nù mẹ́wàá gbọ́dọ̀ kọjá, iná ò sì ní dúró dè yín.