Àmì ẹ̀yẹ tàbí oko kòkó fún tíṣà iṣẹ́ àgbẹ̀ wa?

Bí tíṣà iṣẹ́ àgbẹ̀ bá fẹ́ fẹ̀yìn tì l'Ékìtì, ìbéèrè àwa tí wọ́n kọ́ kì í yàtọ̀: èwo la ó fi yẹ́ wọn sí?

Àmì ẹ̀yẹ onígíláàsì yá. Ẹ lè fún wọn ní ọjọ́ 5 oṣù Ọ̀wàrà, Ọjọ́ Olùkọ́ Lágbàáyé. Àmọ́ eruku ti bo orúkọ tíṣà wa lára tiwọn, lẹ́gbẹ̀ẹ́ tẹlifíṣọ̀n.

Oko kòkó lórúkọ wọn nínú ọgbà ilé ìwé kò wọ́n níbẹ̀rẹ̀, ìtọ́jú niṣẹ́. Ó ń fẹ́ ibòji ọ̀gẹ̀dẹ̀, ó tó ọdún 3 sí 5 kó tó so, ewúrẹ́ sì lè jẹ ẹ́ run nígbà ọlidé. Ojú mi ló ṣe!

Bí ẹgbẹ́ bá ti fọ́n káàkiri, àmì ẹ̀yẹ ni kẹ́ ẹ mú. Bí ilẹ̀ bá wà, tí tíṣà tuntun sì fẹ́ràn oko, ẹ gbin kòkó.