Àyẹ̀wò Nginx: Fáìlì àti Ètò Lórí Sáfà Kan Náà

Igor Sysoev, ọmọ ilẹ̀ Rọ́ṣíà, ló bẹ̀rẹ̀ sí í kọ Nginx, sọ́fítíwíà tó ń gba ìbéèrè bíráúsà lórí sáfà tó sì ń dá a lóhùn, ní ọdún 2002, ó sì gbé e jáde fún gbogbo ènìyàn ní 2004, nígbà tí bí sáfà kan yóò ṣe máa dá 10,000 oníbàárà lóhùn lẹ́ẹ̀kan náà ṣì ń da àwọn onímọ̀ láàmú. Iṣẹ́ kan ṣoṣo nínú ọ̀pọ̀ iṣẹ́ tó lè ṣe ni mo fẹ́ gbé yẹ̀ wò níbí: kí ó máa fi ọwọ́ ara rẹ̀ pín fáìlì tí kì í yí padà, bí àwòrán, CSS (fáìlì tó ń ṣe ojú-ìwé lọ́ṣọ̀ọ́) àti JavaScript (kóòdù tó ń ṣiṣẹ́ nínú bíráúsà), kí ó sì máa darí àwọn àdírẹ́sì tó nílò ìṣirò, bí ojú-ìwé ìwọlé tàbí ti ìwákiri, sí ọ̀dọ̀ ètò tó wà lẹ́yìn rẹ̀, ìbáà ṣe Django, Rails tàbí PHP ni a fi kọ ọ́.

Nídìí iṣẹ́ yìí, Nginx kò ṣeé fọwọ́ rọ́ sẹ́yìn. Tí ènìyàn bá ṣí ojú-ìwé kan, bíráúsà rẹ̀ á tún padà wá béèrè àwọn àwòrán àti CSS inú rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Bí ètò fúnra rẹ̀ bá ní láti dáhùn gbogbo wọn, ọwọ́ rẹ̀ á dí fún ohun tí kò gba làákàyè kankan, bí ìgbà tí ẹni tó kàn fẹ́ ra omi inú ọ̀rá bá dá alásè dúró nídìí ìkòkò. Nginx máa ń mú fáìlì náà láti orí dísìkì. Bí a bá sì tan àṣẹ sendfile, kernel, ìpìlẹ̀ sọ́fítíwíà tó ń darí kọ̀ńpútà náà, ni yóò gbé e sórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì tààrà, láìjẹ́ pé Nginx kọ́kọ́ dà á kọ sínú mẹ́mórì tirẹ̀. Àǹfààní kejì kì í tètè hàn: tí ètò bá ti parí èsì rẹ̀, Nginx á gbà á kíá, á sì máa rọra bu ú fún fóònù tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì rẹ̀ ń wọ́ nílẹ̀, kí ètò lè kọjú sí ẹlòmíràn.

Ibi tó ti le ni òfin tó fi ń yan location, ìyẹn abala inú fáìlì ìṣètò rẹ̀ tó ń sọ ohun tí yóò ṣe sí àdírẹ́sì kan. Ó máa ń kọ́kọ́ wo èyí tó ní àmì =; bí ó bá bá àdírẹ́sì mu délẹ̀, ọ̀rọ̀ parí síbẹ̀. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, á fi ìbẹ̀rẹ̀ àdírẹ́sì tó gùn jù lọ tó bá a mu sọ́kàn, á wá lọ wo àwọn regex (àpẹẹrẹ ọ̀rọ̀ tí a fi ń dá àdírẹ́sì mọ̀, tí àmì ~ máa ń ṣáájú) bí wọ́n ṣe tẹ̀léra nínú fáìlì ìṣètò. Regex àkọ́kọ́ tó bá bá a mu ni yóò gba iṣẹ́ náà, àyàfi tí a bá ti fi ^~ síwájú ìbẹ̀rẹ̀ àdírẹ́sì yẹn láti dí i lọ́nà. Ìdí nìyí tí location ~ \.png$, tó ń mú gbogbo àdírẹ́sì tó parí sí .png, tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń dà kọ káàkiri, fi léwu: bí ètò bá ń ya bákóòdù fúnra rẹ̀ ní /tikeeti/45.png, Nginx á wá fáìlì náà lọ sórí dísìkì, kò ní bá nǹkan kan níbẹ̀, á sì dá 404 (“kò sí i”) padà, láìjẹ́ pé ètò gbọ́ rárá pé ẹnìkan béèrè ohunkóhun.

Oògùn rẹ̀ ni try_files $uri @app, ìlà kúkúrú kan tó ní kí Nginx wo dísìkì ná, bí fáìlì kò bá sí, kí ó kọjá sọ́dọ̀ ètò. Mo fẹ́ràn ìlà yìí, ṣùgbọ́n n kì í fi í sídìí gbogbo àdírẹ́sì, nítorí pé gbogbo ìbéèrè ni yóò máa gbé e lọ yẹ dísìkì wò, fáìlì tí ẹnìkan bá sì gbàgbé sínú fódà lè gba ipò ojú-ìwé gidi. Kí gbogbo fáìlì wà lábẹ́ /static/, kí ìyókù jẹ́ ti ètò, ló mọ́ jù lójú mi.

Àléébù tí mo kà sí èyí tó burú jù wà nínú alias, àṣẹ tó ń sọ fódà tí fáìlì àdírẹ́sì kan wà. Bí a bá kọ location /static láìfi àmì / parí rẹ̀, tí a wá kọ alias /srv/app/static/ sínú rẹ̀, ẹni tó bá béèrè /static../settings.py lè ka fáìlì inú fódà òkè, níbi tí pásíwọọ̀dù sábà máa ń wà. Àṣẹ nginx -t, tó ń yẹ ìṣètò wò, tó sì yẹ kó kìlọ̀ fúnni, á kàn sọ pé kò sí àṣìkọ ni. Irinṣẹ́ tó ti dàgbà tó báyìí yẹ kó ké gbàjarè. Gzip, tó ń fún fáìlì pọ̀ kó lè fúyẹ́ lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì, náà tún wà ńbẹ̀: bí a bá tan án, text/html (ojú-ìwé fúnra rẹ̀) nìkan ló ń fún pọ̀, àfi tí a bá dárúkọ CSS àti JavaScript fún un.

Ọ̀fẹ́ ni Nginx, àṣẹ nginx -s reload sì ń jẹ́ kí a pààrọ̀ ìṣètò láìgé ẹni tó ń gba fáìlì lọ́wọ́. Kì í ka .htaccess, fáìlì ìṣètò tí Apache, sọ́fítíwíà sáfà mìíràn, máa ń kà nínú fódà, nítorí náà ẹni tó háyà àyè lórí sáfà àjùmọ̀lò, tí kò lè fọwọ́ kan ìṣètò, kó dúró ti Apache. Ẹni tí ètò Django rẹ̀ kéré, tí CDN (àwọn sáfà káàkiri tó ń pín ẹ̀dà fáìlì) sì ti wà níwájú rẹ̀, WhiteNoise, àfikún tó ń jẹ́ kí ètò pín fáìlì fúnra rẹ̀, á tó o fún fáìlì.