Mo fi ẹ̀rọ fún omi ọmú sínú igo nínú ìrìn àjò bàálù oníwákàtí 11: ohun tí ojú mi rí lọ́wọ́ àwọn òṣìṣẹ́ ọkọ̀

N kò ní sọ̀rọ̀ nípa ìjókòó tàbí oúnjẹ bàálù náà, nítorí àwọn ẹlòmíràn ti sọ ìyẹn tó. Gbólóhùn kan tí òṣìṣẹ́ ọkọ̀ sọ sí mi ní wákàtí kẹrin ni ó mú mi kọ èyí: “Ẹ lọ máa fún un ní ilé ìgbọ̀nsẹ̀.”

Ọmọ oṣù márùn-ún ni mo fi sílẹ̀ nílé, wákàtí mẹ́ta-mẹ́ta ni mo sì máa ń fún ọmú. Mo ti kọ̀wé sí ilé-iṣẹ́ bàálù náà ṣáájú ìrìn àjò, wọ́n sì fèsì pé àwọn òṣìṣẹ́ yóò ràn mí lọ́wọ́. Mo fi ìborùn bo ara, mo so ẹ̀rọ kékeré oníbátìrì mọ́ ọyàn, ariwo rẹ̀ kò sì tó ti ẹ́ńjìnnì bàálù rárá. N kò tíì lo ìṣẹ́jú méjì tí òṣìṣẹ́ náà fi dúró tì mí, tí ó ní ẹni tí ó jókòó ní ẹ̀gbẹ́ mi lè má fẹ́ ẹ. Ẹni ẹ̀gbẹ́ mi náà ti sùn lọ, ó la ẹnu sílẹ̀. Mo bi í bóyá òfin wọn ni. Ó ní òun kò mọ̀, ṣùgbọ́n bẹ́ẹ̀ ni àwọn ń ṣe é.

Mo lọ, nítorí ọmú mi ti le, ó sì ti ń ro mí. Kò sí ibi tí mo lè gbé igo lé àfi etí ìfọwọ́, nítorí náà eékún ni mo fi há a mọ́ra, tí bàálù ń mì, tí àwọn èèyàn sì ń kan ilẹ̀kùn. Omi ibẹ̀ kì í ṣe mímu, n kò sì lè fi fọ ẹ̀rọ. Mìlílítà 50 péré ni mo rí, èmi tí mo máa ń rí 120. Ìbínú kì í jẹ́ kí omi ọmú sọ̀ dáadáa. Ẹni tí ó bá ti fún un rí mọ ohun tí mo ń sọ.

Bí mo ti ń jáde ni òṣìṣẹ́ mìíràn, tí ó dàgbà ju ti àkọ́kọ́ lọ, rí igo lọ́wọ́ mi. Ó bi mí ta ni ó ní kí n wọ ibẹ̀. Kí n tó dáhùn tán, ó ti gbé àpò mi, ó mú mi lọ sí ìlà ìjókòó kan tí ó ṣófo lẹ́yìn pátápátá, ó sì bu yìnyín kún ọ̀rá méjì fún mi. Ó kọ̀ láti fi omi ọmú náà sínú fíríìjì wọn, nítorí oúnjẹ àwọn èrò ni ó wà níbẹ̀, mo sì gbà pẹ̀lú rẹ̀. Àpò tí kì í jẹ́ kí òtútù jáde, tí yìnyín dídì wà nínú rẹ̀, lè tọ́jú rẹ̀ fún wákàtí 24. Láìjẹ́ pé mo bẹ̀ ẹ́, ó pààrọ̀ yìnyín náà lẹ́ẹ̀mẹta, ó gbé omi gbígbóná wá kí n fi fọ ẹ̀rọ, nígbàkúùgbà tí mo bá sì ń fún ọmú, ó máa ń dúró ní ojú ọ̀nà, ó kọ ẹ̀yìn sí mi. Mìlílítà 395 ni mo gbé sọ̀kalẹ̀.

Ẹni àkọ́kọ́ kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi ní ìgbà mélòó kan, kò sì wo ojú mi. Kò sí ẹni tí ó tọrọ àforíjì lọ́wọ́ mi títí a fi balẹ̀, ìwé tí mo sì kọ ránṣẹ́ lẹ́yìn náà kò tíì ní èsì.

Máàkì: 4 nínú 5. Ọkọ mi ka èyí, ó ní 2 ni òun retí. Òun kọ́ ni ẹnì kan dúró ṣọ́ fún ogún ìṣẹ́jú.