ESP32 àbí Pro Mini tó ní LoRa: èwo lẹ fẹ́ gbé lọ sí etí pọ́ńdù?

Bọ́ọ̀dù kọ̀ǹpútà kékeré ni méjèèjì: ESP32 ní Wi-Fi nínú, Pro Mini ń lo LoRa, ìyẹn rédíò tó ń ránṣẹ́ lọ jìnnà láìjẹ iná púpọ̀. Mo ti lo méjèèjì létí pọ́ńdù ẹja àrọ̀ mi, níbi tí iná ìjọba kò dé, láti máa mọ bí omi ṣe gbóná tó. Èyí àkọ́kọ́ jẹ mí lówó.

Oorun ló fà á. Ìwé ESP32 sọ pé bó bá sùn wọra, nǹkan bíi 10 µA ló ń fà (ẹgbẹ̀rún µA ló ń jẹ́ mA kan). Mo ṣírò rẹ̀: bátìrì 18650 kan, kó máa jí ní wákàtí-wákàtí, yóò lo oṣù gbọọrọ. Kò pé ọjọ́ mẹ́wàá tó dákẹ́. Mo bínú sí ẹni tó ta bátìrì fún mi (ọ̀gá, ẹ foríjì mí), mo ra òmíràn, ìyẹn náà kú. Ìgbà tí mo fi mítà sáàárín wáyà bátìrì ni mo tó rí i: bọ́ọ̀dù tó ń sùn ń fa 10 mA, ìlọ́po ẹgbẹ̀rún! Ẹ fi 10 pín 2,600 mAh tí bátìrì mi ń gbà, wákàtí 260 ni, ọjọ́ mọ́kànlá kò pé. Chip sùn lóòótọ́, àwọn ará ilé rẹ̀ ni kò sùn. AMS1117 tó ń dín iná kù ń jẹ tó 5 mA láìṣiṣẹ́ kankan, chip USB ń jẹ tirẹ̀, iná pupa kékeré yẹn náà ń tàn tọ̀sán-tòru fún ẹja wò.

Pro Mini oní 3.3 V náà ní iná pupa àti regulator (ohun tó ń dín iná kù), ṣùgbọ́n wọ́n rọrùn láti yọ. MCP1700, tí kì í jẹ tó 2 µA, ni mo fi rọ́pò. Ẹ má fo ìyẹn o: bátìrì tó kún jẹ́ 4.2 V, òpin ohun tí RFM95, rédíò LoRa náà, lè gbà ni 3.7 V. Nígbà tí gbogbo rẹ̀ sùn, mítà mi kò kà tó 10 µA.

Ẹ lè ra ESP32 lásán kẹ́ ẹ fúnra yín tò ó, àmọ́ ẹ nílò regulator tó lè gbé 500 mA, torí Wi-Fi ń fa iná bí ọ̀dá.

Ní ti jíjìnnà, LoRa ń lọ ní kìlómítà ní gbangba. Wi-Fi kò kúrò ní àgbàlá. Ní ti ìrántí, 2 KB péré ni Pro Mini ní, ESP32 ní 520 KB. Tẹ́ ẹ bá sì fẹ́ tún kóòdù Pro Mini kọ, ẹ ó gbé láptọ́ọ̀pù dé etí omi.

Bí sọ́kẹ́ẹ̀tì bá wà nítòsí, ẹ ra ESP32. Bó bá jẹ́ bátìrì, mi ò ní kẹ́ ẹ má rà á o, ẹ ṣáà ra mítà mọ́ ọn. Tèmi ti wà ní pálọ̀ báyìí, ara ògiri ló ti ń jẹun, òun ló ń fi rédíò LoRa tirẹ̀ gba iṣẹ́ tí Pro Mini ń rán wá láti pọ́ńdù.